Àwọ̀ Tí Kò Dúró De Ìbò

Ìyá Kínníkínní ń kán omi aláwọ̀ àlùkò láti inú bùrẹ́tì, ọ̀pá dígí tó ní ìlà òṣùwọ̀n lára, sínú ìgò tí ásíìdì gbígbóná tó ti wọ̀n dáadáa wà. Ó ń mi ìgò náà, kò sì ṣẹ́jú. Ó fẹ́ mọ bí omi àlùkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ṣe lágbára tó. Bí àwọn ẹlẹ́rìí ilé iṣẹ́ kò bá fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó parí lónìí, wọ́n á dà á nù, ìyá á tún òmíràn pò, kò sì ní lè lọ wo ọmọ tuntun tí ọmọ rẹ̀ bí.

Òfin ilé iṣẹ́ ni pé ọ̀gá, akọ̀wé àti awakọ̀ gbọ́dọ̀ jọ jẹ́rìí pé inú ìgò ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àmì pé ásíìdì inú rẹ̀ ti tán.

"Ó ti pọ́n o!" ni ìyá pariwo.

"Lójú tèmi, ó pọ́n bí ata," ni akọ̀wé wí.

"Ata wo? Ṣé inú ojú ẹ ni ata wà?" ni awakọ̀ dá a lóhùn. "Funfun báláú lèyí."

Ọ̀gá ní kí wọ́n dìbò. Kí wọ́n tó ka ìbò tán, àwọ̀ ti ṣá.

"Ìyá, a ò rí nǹkan kan. Ẹ tún un ṣe," ni ọ̀gá wí.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú bí ìyá. "Ọ̀gá wa, ẹ kúkú jẹ́rìí ná kí n tó kán an."

Ọ̀gá rò ó wò. "Ó bófin mu."

Ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ké pé, "Ó ti pọ́n! Ó ti pọ́n!" Ìyá wọn ásíìdì tuntun sínú ìgò, ó ń kán omi àlùkò sí i. Ibi tí wọ́n ti ń ké lọ́wọ́ ni ẹ̀kán tó kẹ́yìn ti já bọ́, inú ìgò sì pọ́n lóòótọ́. Ìyá ka ìlà ara bùrẹ́tì, ó ṣírò, ó kọ agbára omi àlùkò sára ìgò tó kó o sí, ó bọ́ aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́, ó gbé báàgì. Wọ́n ṣì ń jẹ́rìí nígbà tó pa ilẹ̀kùn dé.