Fìlà Jàrá

Ẹ má fi ọ̀fẹ́ han Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣùpọ̀ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ìpọ̀nrí ló ń gbé, kò sì sí ohun tí kò lè rà bí wọ́n bá ti lẹ jàrá mọ́ ọn. Abọ́ oníke tó bá ọṣẹ wá nìkan, mọ́kànlá ló wà nílé rẹ̀. Ti ṣíbí, Evelyn ìyàwó rẹ̀ kò kà á mọ́.

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n yàn án ní wọ́ọ̀dìn ìjọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń retí ipò yìí, bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni yóò sì wá fi í sípò. Dayọ̀ ọmọ rẹ̀ fi yáàdì mẹ́rin àtíkù funfun ránṣẹ́, kí bàbá òun fi rán bùbá àti ṣòkòtò.

Ṣàíbù ní Tejúoṣó ló máa ń ránṣọ fún un. Ṣùgbọ́n Múrítàlá, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí ti Ṣàíbù, ti gbé páálí kan kọ́: RÁN BÙBÁ ÀTI ṢÒKÒTÒ, GBA FÌLÀ LỌ́FẸ̀Ẹ́.

"Daddy, ẹ máa bọ̀ níbí," ni Múrítàlá wí. "Owó kan náà ni èmi àti Ṣàíbù ń gbà. Fìlà yẹn, jàrá tiyín ni."

Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Tíṣà wa kò wo ọ̀dọ̀ Ṣàíbù mọ́.

Ó délé, ó ń yangàn. Evelyn bi í pé, "Bàbá Dayọ̀, aṣọ ta ni Múrítàlá fẹ́ fi rán fìlà ọ̀hún?"

"Ọ̀fẹ́ ni mo pè é! Ìwọ ò kàn fẹ́ kéèyàn jèrè ni."

Evelyn bá ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Nígbà tó lọ gba aṣọ, ká má parọ́, fìlà náà dára. Ṣòkòtò ló fún mọ́ ọn nídìí. "Slim fit ni, Daddy," ni Múrítàlá wí. "Ẹ ti padà di ọmọ ogójì ọdún."

Ọjọ́ Ìsinmi pé, ó dé fìlà gẹ̀gẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ló ti rántí pé ọkùnrin kì í dé fìlà wọlé ìjọsìn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un, ọ̀fẹ́ ló mú un gbàgbé. Ó ṣí fìlà, ó dì í mọ́wọ́.

"Kúnlẹ̀," ni bíṣọ́ọ̀bù wí.

Ó kúnlẹ̀. Ṣòkòtò sì ya fàà láti ìdí dé itan, lójú gbogbo ìjọ. Ojú tì í débi pé kò gbọ́ àdúrà tí wọ́n gbà fún un. Nígbà tó dìde, tó di pé kó rìn lọ sí ìjókòó wọ́ọ̀dìn, ó gbé fìlà bo ìdí.

Fìlà náà bo ojú ibẹ̀ rẹ́gí, kò dín, kò sì lé. Kí ló máa dé tí kò ní bá a mu? Àbí ara aṣọ ìdí ṣòkòtò náà kọ́ ni Múrítàlá gé fi rán an?