Àwọn Ará Tábìlì Kẹfà

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún tí ọkọ̀ ojú omi Astrid ti kúrò ní Las Palmas, kò sí ẹnì kan mọ́ nínú àádóje èrò inú rẹ̀ tí Hilary Penrose kò tíì kórìíra. Ó kórìíra ọkùnrin onírùngbọ̀n tó máa ń jí ní aago mẹ́fà àárọ̀ láti fi táwẹ́lì gba ìjókòó méjì létí omi ìwẹ̀, tí kò sì ní padà débẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ó kórìíra àwọn opó mẹ́ta láti Bournemouth tí wọn kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju orúnkún wọn lọ, èyí tí dókítà ti pààrọ̀ àti èyí tó ṣì ń dúró de ọ̀bẹ. Ó kórìíra bí gbogbo wọn ṣe ń jẹun. Wọ́n á jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán ní aago mẹ́sàn-án, ní aago mọ́kànlá wọ́n ti tò sídìí ọbẹ̀ gbígbóná, ní aago kan ọ̀sán wọ́n ti tún jókòó ti ẹran, aago mẹ́rin ni ti tíì àti kéèkì, àfi bí ẹni pé wọ́n ti sọ fún wọn pé kò sí oúnjẹ kankan ní Barbados.

Ọkọ̀ òfuurufú ì bá sì gbé wọn débẹ̀ láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fẹ́ fi máa wọ́ lórí agbami, kí wọ́n máa wo omi. Omi náà rèé, tòní, tàná, tìjẹta, ọ̀kan náà ni. Síbẹ̀, bí ọ̀gákọ̀ bá ti sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ lọ́sàn-án gangan pé omi tó wà lábẹ́ àwọn jìn tó kìlómítà márùn-ún, gbogbo wọn á mi orí, wọ́n á wo ara wọn lójú, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbẹ́ ẹ.

Ó yẹ kéèyàn bi Hilary pé kí ló wá ṣe láàárín wọn, nítorí ọdún kẹsàn-án rèé tó ń wọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nesta Vaughan ló ń bá wọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Ludlow, Hilary ni ọ̀gá àgbà, Nesta ni olùkọ́ orin. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí ọkọ Nesta sì kú, tí Hilary kò tiẹ̀ lọ́kọ rí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá agbami ní oṣù kọkànlá ọdọọdún. Kì í ṣe oòrùn ni wọ́n ń wá lọ, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Wọ́n á jókòó sí ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn, aṣọ ìbora á wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á sì máa fún gbogbo ẹni tó bá kọjá ní máàkì. Ṣòkòtò rẹ̀, méjì nínú mẹ́wàá. Ìrìn rẹ̀, kò gbìyànjú rárá. Ìwà rẹ̀ nídìí kéèkì, kí bàbá rẹ̀ wá rí mi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ayọ̀ tí Hilary ń jẹ fún ọdún kan gbáko nìyẹn. Ní Ludlow, kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ ti lé gbogbo wọn lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kì í kọ̀wé sí i. Nesta nìkan ló kù fún un láyé, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yìí, Nesta kò fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Ní ọjọ́ kìíní, obìnrin kan kọjá tó dé fìlà tó fẹ̀ bí ọpọ́n ìfọṣọ, Hilary sì tẹ̀ ẹ́ nígbọ̀nwọ́ pé kó bẹ̀rẹ̀. Nesta wo obìnrin náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó mà rẹwà o." Hilary rò pé àwàdà tuntun ni.

Èyí tó wá burú jù ni ti Len Tibbs àti Doreen ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń bá Hilary àti Nesta jẹun ní tábìlì kẹfà. Ogójì ọdún ni Len fi ta ẹja ní Grimsby, bó bá sì ní kí wọ́n gbé iyọ̀ fún òun, bí ẹni tó ṣì ń polówó ẹja ló máa ń ṣe é. Bàtà kánfáàsì funfun ni Doreen ń wọ̀ wá jẹ oúnjẹ alẹ́. Len a máa pe gbogbo obìnrin ní "olólùfẹ́" gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ara Hilary a sì máa bù máṣọ.

"Olólùfẹ́, ṣé o sùn?" Len bi í ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún náà.

"Mo sùn, ẹ ṣé."

"Doreen kò jẹ́ kí n sùn ní tèmi. Wọ́n tún dá aago padà lóru, ló bá jí ní aago mẹ́rin, ó ní ebi ń pa òun. Mo ní, obìnrin yìí, aago ni wọ́n dá padà, wọn ò dá ikùn rẹ padà!"

"Irọ́ ló ń pa," Doreen wí. "Òun gan-an ló jẹ bisikíìtì mi tán."

Hilary yọ ṣùtì sí wọn nínú ọkàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aago yìí ti sú u. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ síhà ìwọ̀ oòrùn, wọ́n máa ń fi káàdì kékeré kan sórí ìrọ̀rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì-méjì pé kí èrò dá aago wọn padà ní wákàtí kan kí wọ́n tó sùn, àwọn òmùgọ̀ yìí á sì máa yọ̀ bí ẹni tí ìjọba ta lọ́rẹ.

"Nesta ńkọ́?" ó bi wọ́n. "Kò tíì jáde?"

Len wo Doreen, Doreen sì wo abọ́ rẹ̀. "Mo ti gbé tíì lọ bá a ní yàrá," Doreen wí. "Ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀ sí i."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ gbé tíì lọ fún Nesta?"

"Kí ló burú níbẹ̀, olólùfẹ́?" Len dá sí i. "Tíì náà kò wúwo."

Hilary ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà tó rí Nesta àti Doreen lójú àgbàlá ọkọ̀, tí wọ́n fi apá kọ́ apá. Wọ́n dúró. Doreen di ọwọ́ òsì Nesta mú, ó tẹrí ba lórí aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka yí i. Hilary ní, áà, ó ti dé orí ká máa yẹ ohun ọ̀ṣọ́ ara ẹni wò. Owú jíjẹ mú un bíi ti ọmọ ọdún méjìlá, kò sì tijú rẹ̀.

Ó dúró títí Doreen fi lọ mú aṣọ tó ń hun, ó sì kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Nesta, ṣé ẹja lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà ni?"

"Wọ́n ṣèèyàn, Hilary."

"Ajá mi náà ṣèèyàn nígbà tó wà láyé."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń bá ọ sọ tí èmi ò lè bá ọ sọ?"

Nesta wo omi títí. "Wọn kì í bá mi sọ nǹkan púpọ̀," ó wí. "Ara máa ń tù mí níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Hilary lára ṣinṣin. Ó lọ jókòó ní yàrá rẹ̀, ó sì pinnu pé òun kò ní jẹ́ kí ẹlẹ́ja gba ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́ òun. Bí òun bá lè pa Nesta lẹ́rìn-ín bíi ti àtijọ́, lójú àwọn Tibbs gan-an, gbogbo rẹ̀ á bọ̀ sípò. Ó ti rọrùn fún un tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ló kàn nílò láti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọjọ́ keje, ìgbì dìde. Gbogbo abọ́ ń yọ̀ lórí tábìlì, èébì sì dá Doreen dúró sórí ibùsùn. Len nìkan ló wá jẹun ọ̀sán, òun àti Hilary dojú kọ ara wọn, àwọn opó Bournemouth wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ wọn. Nesta kò wá. Wọ́n jẹ ọbẹ̀, wọ́n jẹ ẹran àgùntàn, ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, wọ́n ń gbé ìpanu dídùn kiri, kí Nesta tó yọ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó wọ kóòtù sórí aṣọ àwọ̀sùn. Ó kí gbogbo wọn pé ẹ káàárọ̀ o, ó jókòó, ó sì ní kí wọ́n bá òun gbé ògì óòtì wá, kí wọ́n má fi ṣúgà sí i. Rodel, ọmọ ilẹ̀ Filipínì tó ń gbé oúnjẹ fún wọn, kò mi ìpéǹpéjú. "Ó ń bọ̀, Ìyáàfin Vaughan," ó wí. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

Hilary wo aago ọwọ́ Nesta. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú ló ń lù níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀rín tó ń wá láti ọjọ́ yìí ló délẹ̀ yìí. Ó di ọwọ́ Nesta mú, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i.

"Ẹ wá wo aago obìnrin yìí!" Ohùn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló fi sọ ọ́, ó sì dé tábìlì tó jìnnà jù. "Nesta, wákàtí kan ni wọ́n ní kí o dá padà! Ṣé gbogbo ìgbà tí o bá ti rí káàdì yẹn lo tún ń dá a padà ni? Bí a bá fi ọ́ sílẹ̀ dọ̀la, wàá bá ara rẹ ní Las Palmas! Ìṣirò, òdo nínú mẹ́wàá. Kí bàbá rẹ̀ wá rí mi!"

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Síbí dúró lọ́wọ́ àwọn opó náà. Nesta wo aago rẹ̀. Ó wo egungun ẹran tó wà nínú abọ́ Len, ó wo oòrùn ọ̀sán tó kún ojú fèrèsé, ọ̀rọ̀ náà sì yé e díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ojú rẹ̀ pọ́n dé ọrùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó wí, ó dìde, ó sì gba àárín àwọn tábìlì jáde. Rodel gbé àwo kalẹ̀, ó tẹ̀ lé e kó má baà ṣubú.

"Mo ń ṣeré ni," Hilary wí.

Len nu ẹnu rẹ̀. Kò pè é ní olólùfẹ́. "Ìyáàfin Penrose, ṣé ojú rẹ fọ́ ni?"

"Ẹ máa rọra bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ogójì ọdún."

"Ìgbàgbé ti ń mú ọ̀rẹ́ rẹ lọ. Ọdún mẹ́fà ni ìyá Doreen fi ṣe é nínú ilé wa, a mọ̀ ọ́n bí a bá rí i. Ọjọ́ kejì tí a wọkọ̀, a bá a lórí àtẹ̀gùn, ó ń wá ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, Doreen ló ń tún aago rẹ̀ ṣe láràárọ̀, òun ló ń wọṣọ fún un. Lónìí, Doreen ò lè dìde. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣí i fún ọkùnrin, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ó bẹ̀ wá pé ká má sọ. Gbogbo ọkọ̀ ló bẹ̀."

"Kí èmi nìkan má gbọ́? Kí nìdí?"

"Lọ bi í," Len wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Hilary lọ́kàn kì í ṣe àánú. Inú ló bí i, pé ẹlẹ́ja mọ̀ kí òun tó mọ̀, pé àwọn olórúnkún mọ̀, pé onírùngbọ̀n mọ̀. Ìbínú yẹn ló bá rìn dé ìdajì ọ̀nà yàrá Nesta, ó ń di irin ẹ̀gbẹ́ ògiri mú bí ọkọ̀ ti ń fì. Ibẹ̀ ni ìbínú ti tán, tí ìtìjú gba ipò rẹ̀. Kò ì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ìgbà tó ti di ọ̀gá. Ó tún gbólóhùn kan tò lẹ́nu, ó kan ilẹ̀kùn.

Nesta jókòó sí eteetí ibùsùn, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dìde fún un bí èèyàn ṣe ń dìde fún àlejò.

"Ẹ káàbọ̀," ó wí. "Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ará ọkọ̀ yìí ni yín?"

Gbólóhùn tí Hilary tò bọ́ sọnù. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá àwàdà wà níbẹ̀, kò sí. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí, ó sì wọlé jókòó.

"Mo ṣe ohun ìtìjú kan níbi oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan."

"Kò tó nǹkan. Kò sẹ́ni tó kà á sí."

"Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rẹ́ kan nínú ọkọ̀ yìí. Bó bá bi yín, ẹ bá mi sọ pé orí ń fọ́ mi. Ẹ má sọ ohun tí mo ṣe fún un."

"Kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ kó gbọ́?"

"Á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Nesta sọ ọ́ láìbínú, bí ẹni tó ń sọ pé òjò á rọ̀. "Kì í ṣe pé ó burú o. Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Èmi náà máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Mo máa ń rẹ́rìn-ín gan-an, torí mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí mo bá dákẹ́, èmi ló kàn. Hilary lorúkọ rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n," Hilary wí. "N kò ní sọ fún un."

Nesta di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ń dún bọ̀ níta, lójú ọ̀nà tóóró náà. Nesta gbọ́ ọ, ó sì sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀.

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìyẹn," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn."

Hilary dìde, ó sì tì í.