Tòmátì Tí Wọ́n Ní Ká Má Tọ́jú

Àsọdùn ni wọ́n ń pè mí nílé, irọ́ gbáà sì ni. Bí mo bá ní ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wúwo ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, ṣé àsọdùn nìyẹn?

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó lọ ń sin funtu nínú ìgò níbi iṣẹ́ ẹ̀, funtu tí ẹ̀yin ń fá kúrò lára búrẹ́dì tó ti bu yẹn! Ó ní funtu ọ̀hún ń tu omi kan jáde tó ń pa àrùn ewé tòmátì. Ló bá gbin tòmátì sẹ́yìnkùlé wa, ó ní ká máa fín omi náà sí ìlà ọwọ́ ọ̀tún, ká má fi kan ti òsì rárá, kí ọ̀gá òun lè rí ìyàtọ̀. Bí ọ̀gá bá rí i, wọ́n á fún un ní oko ńlá tó máa ti dán an wò. Bí kò bá rí i, gbogbo làálàá ẹ̀ wọgbó nìyẹn.

Èmi gbin irúgbìn kan náà sínú garawa lẹ́yìn balùwẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, orin ni màá máa kọ fún tèmi. Bí àrùn bá gbóhùn mi, á sá kọjá òkun."

"Àsọdùn, ohùn ẹ gan-an ló máa pa á."

Nígbà tó yá, mo fi páànù dí iwájú garawa náà kẹ́nikẹ́ni má baà rí i. Ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Ọ̀gá dé, ọkùnrin tó ga débi pé òjò máa ń kọ́kọ́ bà á ká tó mọ̀ pé ó ń rọ̀. Ìlà ọ̀tún tutù yọ̀yọ̀. Ìlà òsì náà tutù yọ̀yọ̀.

"Àrùn ò wá síbí rárá," ni ọ̀gá wí. "Kí ni màá wá fi mọ̀ pé omi ẹ ṣiṣẹ́?"

Omi lé ròrò sójú ẹ̀gbọ́n mi. Màmá wa wúkọ́.

"Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mò ń yọ́ fín tòsì. Ká máa fún àwọn kan lóògùn, ká máa wo àwọn kan níran kí wọ́n kú? Ṣé bí mo ṣe tọ́ yín nìyẹn?"

"Háà, Màmá!" Ẹkún àti ẹ̀rín jọ bọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Ló bá yíjú sí mi. "Garawa ẹ dà?"

Èmi tí mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé tòmátì mi tó orí màlúù! Mo gbé e jáde. Ewé ti dúdú kirikiri, igi ti dọ̀bálẹ̀.

Ọ̀gá lóṣòó tì í. "Irúgbìn kan náà? Ẹ ò fín nǹkan kan sí i?"

"Orin nìkan ló rí gbà, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. "Àrùn dé lóòótọ́. Wá gba oko. Àmọ́ má mú màmá dání o."

Ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ mi títí egungun ìhà mi fi ké gbàjarè. Mo ní ṣebí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ garawa mi, ó ń fín in.