Ẹni Tí Yóò Jókòó

Igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá di ọwọ́ Àgéré mú lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń múra, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Ó wá gbá a léjìká pẹ́pẹ́, ó ní kó lọ wọ jẹ́sì rẹ̀.

Bàbá tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ń wò wọ́n láti orí bẹ́ńṣì, ó mi orí. Ojú àánú yìí náà ṣá! Àgéré, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ sọ lórúkọ, ń tiro láti àná. Ta ni ò mọ̀ pé ó yẹ kó sinmi? Òfin kan ni Bàbá fi lélẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí: ẹni tí ò ní gbá bọ́ọ̀lù, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí yóò wo ojú rẹ̀, tí yóò ní kó jókòó. Wọn kì í ránṣẹ́.

Bàbá fi ti òní lé igbákejì lọ́wọ́, àmọ́ ìyẹn gan-an ni kò lè ṣe. Ó mọ eré dénú, ó mọ ọmọ tí inú rẹ̀ bà jẹ́ kí tọ̀hún tó sọ̀rọ̀, àmọ́ kò lè lé eṣinṣin. Alága ẹgbẹ́ sì ti ní tí eré bá parí, kí Bàbá sọ fún òun: tó bá fẹ̀yìn tì, ṣé igbákejì tó ẹni tí wọ́n ń gbé ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́? Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ó dùn ún wọnú eegun, ṣùgbọ́n “rárá” ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n ti ìsinmi dé tí Àgéré fi ń wọ́ ẹsẹ̀. Bàbá yọ ọ́, ó fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Àgéré jókòó, ó gbé yìnyín lé orúnkún. Eré ṣì wà ní ọ̀mì.

Nígbà tó yá, Bàbá fò dìde. Ó ní kí Àgéré bọ́ sí pápá kíá, kí ló ń jókòó ṣe?

Ẹni tí wọ́n bá ti yọ kì í wọlé mọ́. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgéré ń wo ilẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí igbákejì ti ń bo irú ẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí Bàbá bá ṣi ọmọ pè, á sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Bí Bàbá bá ṣìnà ilé, á ní ibẹ̀ lòun náà ń lọ. Lónìí, ó dìde, ó di ọwọ́ Bàbá mú, ó wò ó lójú.

“Bàbá mi, ẹ ti yọ Àgéré. Ẹ jókòó. Ẹ má dìde mọ́ lónìí.”

Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

Bàbá kọ́kọ́ fẹ́ já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó wo yìnyín orúnkún Àgéré, ó ro ó títí, kò rántí ìgbà tí òun yọ ọ́. Ẹ̀rù bà á. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ó jókòó. Àìmọye ọmọ ló ti ní kó jókòó láyé rẹ̀. Kò mọ̀ pé báyìí ló ṣe máa ń dùn wọ́n.

Eré parí ní ọ̀mì. Alága sọ̀ kalẹ̀ wá, ó bi Bàbá bóyá igbákejì tó bẹ́ẹ̀.

“Ó tó bẹ́ẹ̀,” ni Bàbá wí. “Ẹ gbé e fún un.”

Ó na ọwọ́ sí igbákejì kó fa òun dìde. Nígbà tó dìde tán, kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀, nítorí kò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde ní pápá mọ́.