Ọ̀bẹ Ló Lọkọ

Ọkùnrin kan wà tó fi wíwa tírélà jẹun títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Kò sí ìlú tó já ẹrù sí rí tí kò ti ra ọ̀bẹ. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ra búrẹ́dì bọ̀ wálé, àwọn mìíràn a máa mú ìyàwó tuntun bọ̀. Tirẹ̀, ọ̀bẹ ni. Ó ní eléèkù egungun, ó ní eléèkù ìwo, ó ní èyí tó tẹ̀ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti àwọn kéékèèké tí ojú wọn ń ká wọnú èèkù bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta. Ara ògiri pálọ̀ ni gbogbo wọn wà, lórí ìṣó, wọ́n yí fọ́tò ìgbéyàwó ká. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé á rò pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ìyàwó kó má baà sá lọ.

Àdúgbò sọ ọ́ ní Ọlọ́bẹ. Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ tí ọmọ wọn kan ṣoṣo ń ṣe, kò bá orúkọ náà jà. Bí wọ́n bá bi í pé ilé ńkọ́, á ní: "Wọ́n ní ọlọ́bẹ̀ ló lọkọ. Nílé tèmi, ọ̀bẹ ló lọkọ. Èmi kàn ń bá wọn gbé ni."

Ká má parọ́ mọ́ ọkùnrin yìí, kò fi ọ̀kankan nínú ọ̀bẹ wọ̀nyí gé nǹkan kan rí. Àlùbọ́sà lásán, kò gé e. Epo ló fi ń ra wọ́n lára, aṣọ rírọ̀ ló fi ń nù wọ́n. Ohùn tó sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ bó bá ń nù wọ́n, Ìyá Nọ́ọ̀sì ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí àwọn ti ń fẹ́ra sọ́nà.

Wàhálà dé nígbà tí Nọ́ọ̀sì bímọ tó sì fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ náà ti ń rákò, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni yóò sì máa wà lójú mọmọ. Nọ́ọ̀sì gbé e wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó wo ògiri, kò wọlé.

"Bàbá mi, ara tí ọ̀bẹ ya ni mo ń rán láti àárọ̀ dalẹ́ níbi iṣẹ́. Mi ò ní fi ti ọmọ mi kún un. Ẹ mú ọ̀kan: ọ̀bẹ ni àbí ọmọ-ọmọ?"

Ọlọ́bẹ họrí. "Jẹ́ kí n rò ó wò ná."

"Kí ẹ rò ó wò?" Ìyá Nọ́ọ̀sì fi ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ lu ilẹ̀kùn. "Bàbá Nọ́ọ̀sì, kí ló kù tí ẹ fẹ́ rò? Ọmọ tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó tiyín!"

"Mo rí etí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rírò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Ó rò ó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tó gbà pé òun máa tà wọ́n, ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tó ti ibi ìsìnkú dé.

Iye tí yóò dá lé wọn ló wá kù. Ó gé bébà wẹ́wẹ́. Rárá, ìyàwó rẹ̀ ló bá a gé e. Ó jókòó ti tábìlì, ó ń kọ iye kọ̀ọ̀kan, ó ń so ó mọ́ èèkù. Bó bá kọ ọ́ tán, á gbé ọ̀bẹ náà sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, àánú rẹ̀ á ṣe é, á fa iye náà ya, á kọ èyí tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́. Kò lè ṣe é.

"Iye tí ẹ kọ sára èyí, á ra màlúù, á ra ọ̀bẹ tí wọ́n máa fi pa á, á sì tún ku owó tí màlúù máa fi wọkọ̀ wá."

"O ò mọ ìtàn ẹ̀ ni."

"Mo mọ ìtàn ẹ̀. Ṣebí èmi ni mo wà nínú ọkọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Kí wọ́n tó bí Nọ́ọ̀sì, ó bá ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò lọ́pọ̀ ọdún, iwájú ọkọ̀ ló ń jókòó sí, ó sì mọ ibi tí wọ́n ti ra èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀bẹ náà. Ọlọ́bẹ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ti ń tún ìtàn wọn ṣe díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tún ilé ṣe, lónìí fèrèsé, lọ́la àjà, títí onílé gan-an ò fi dá ilé mọ̀ mọ́.

Alápatà tó wà ní òpin òpópónà ló kọ́kọ́ wá rajà. Ó na ọwọ́ mú èyí tó gùn jù, ó fi àtàǹpàkò yẹ ojú rẹ̀ wò.

"Ṣé èyí á gé egungun itan?"

Díẹ̀ ló kù kí Ọlọ́bẹ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó tì o! Kì í gé nǹkan kan."

"Ọ̀bẹ tí kì í gé nǹkan, kí wá ni iṣẹ́ ẹ̀?"

"Wọ́n ń wò ó ni."

Alápatà rọra dá ọ̀bẹ padà sórí tábìlì, bí ẹni tó gbé ọmọ aláìsàn fún ìyá rẹ̀. "Bàbá, ìyàwó mi wà nílé tí mo ń wò. Òun náà kì í gé nǹkan kan, kò sì wọ́n tó báyìí."

Ó kí Ìyá Nọ́ọ̀sì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Obìnrin òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá, ó fẹ́ èyí tí òun lè fi dẹ́rù ba àbúrò ọkọ òun tó kọ̀ tí kò kúrò nílé. Ọlọ́bẹ ní ọ̀bẹ òun kì í ṣe ọlọ́pàá. Télọ̀ kan wá, ó ní ṣé òun lè rí èyí tí òun máa fi tú ojú aṣọ. Ọlọ́bẹ dìde, ó tọ́ka síta. Ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wá jókòó, ó na ẹsẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn lábẹ́lẹ̀. "Ṣé o rí i pé mo gbìyànjú," ló ń wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ọjà ni kò yá."

Nọ́ọ̀sì ló rán Lọ́yà sí wọn. Ọsibítù ló ti mọ̀ ọ́n, níbi tó ti máa ń wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Lọ́yà kúrú, ó mọ́ tónítóní, bàtà rẹ̀ ń dán bí dígí. Ó ní òun ń wá nǹkan tí òun máa gbé kọ́ ògiri ọ́fíìsì, kí ẹni tó bá gbẹ́jọ́ wá mọ̀ pé òun ò wá síbi eré.

Ọlọ́bẹ mú èyí tó tẹ̀ bí òṣùpá. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Lọ́yà, ẹ wo èyí dáadáa. Ọdẹ kan ló ni ín. Kìnnìún gbé e ṣánlẹ̀, ìbọn ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, èyí nìkan ló kù. Nígbà tó fẹ́ kú ló ránṣẹ́ pè mí, ó ní, ìwọ awakọ̀ yìí, ìwọ lọkàn mi yàn..."

"Ilé epo ni," Ìyá Nọ́ọ̀sì wí láti inú kíṣìnnì. "Táyà wa ló jò. Ẹni tó bá wa lẹ̀ ẹ́ ló tà á fún wọn, ó sì fi ọṣẹ kan ṣe ènì."

Lọ́yà wo ọ̀nà kíṣìnnì, ó wo Ọlọ́bẹ. "Ọdẹ yẹn náà ló ń lẹ táyà ni?"

"Ó ti... ó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọdẹ."

Ó yára mú eléèkù egungun. "Egungun ẹja ńlá inú òkun lèyí. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan ló fi ta mí lọ́rẹ, lọ́jọ́ tí mo yọ ọ́ nínú ìjì..."

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Egungun màlúù ni. Owó oúnjẹ wa lẹ fi rà á, tíì lásán la mu sùn."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí ó fi fa áńkáṣíìfù yọ. Ó ní kí bàbá má dúró o. Ọlọ́bẹ ń gbé irọ́ kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń wó o. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Lọ́jọ́ yìí, òtítọ́ ò tiẹ̀ rìn, ó jókòó sí kíṣìnnì, ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Nígbà tó yá, Lọ́yà gbé bébà kan wò. "Bàbá, iye yìí, ti irin ni àbí ti ìtàn?"

"Méjèèjì ni."

"Ó dáa. Ìtàn ti bàjẹ́ lójú mi báyìí. Ẹ jẹ́ ká yọ owó ìtàn kúrò."

Ọlọ́bẹ dìde fùú. "Mi ò tà á mọ́!"

Lọ́yà ò bínú. Ó ti mú ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké, ó ń ká a, ó ń ṣí i, ó ń ká a. Ojú ọ̀bẹ pa dé lójijì, ó sì bá àtàǹpàkò rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kán tó sórí tábìlì.

Lọ́yà ò ké. Ọlọ́bẹ ló ké. Ó wo ẹ̀jẹ̀ náà, ojú rẹ̀ yí sókè, ó sì ṣubú gbì bí àpò sìmẹ́ńtì.

Ìyá Nọ́ọ̀sì jáde, ó ń nu ọwọ́. "Ẹ má fòyà. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọjọ́ tí mo bímọ, àwọn ni dókítà kọ́kọ́ tọ́jú." Ó ti tìmùtìmù sábẹ́ orí ọkọ rẹ̀, ó wá mú aṣọ, ó ń di àtàǹpàkò Lọ́yà. "Ṣé ẹ rí i pé ó mú? Ọkọ mi lè parọ́ ìtàn, wọn kì í parọ́ ojú ọ̀bẹ."

"Mo rí i, mà. Ó ti fọwọ́ síwèé fún mi."

"Ẹ wá dá iye tí ẹ máa san lé gbogbo ẹ̀."

Lọ́yà dá a, Ìyá Nọ́ọ̀sì ní ó kéré. Lọ́yà fi kún un, ìyá ní kó tún gòkè díẹ̀. Wọ́n ń nájà lọ, wọ́n ń nájà bọ̀, ọkọ sùn sílẹ̀ láàárín wọn bí àtẹ ọjà. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí kò lè ra màlúù lórí ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i tí yóò pòṣé.

Nígbà tí Ọlọ́bẹ lajú, àjà ló kọ́kọ́ rí. Ó yíjú sí ògiri. Ìṣó nìkan ló kù.

"Ọ̀bẹ mi dà?"

"Lọ́yà ti kó wọn lọ."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́ kù. Kò rà yín."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga síwájú ògiri, ó jókòó. Ọ̀dà ti ṣá níbi gbogbo àfi ibi tí àwọn ọ̀bẹ wà, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì mọ́ rekete, òun sì mọ òjìji kọ̀ọ̀kan lórúkọ.  Ọmọ-ọmọ wá, ó rákò kiri pálọ̀ bó ṣe wù ú, bàbá àgbà gbé e lé itan, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ a máa wá nǹkan tí yóò nù.

Kò pẹ́ tí Lọ́yà ránṣẹ́. Ìpẹtà ti ń yọ lára àwọn ọ̀bẹ, akọ̀wé òun ò jẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n, ṣé bàbá lè wá bá òun tọ́jú wọn? Ọlọ́bẹ ti wọ bàtà kó tó di pé ìránṣẹ́ sọ̀rọ̀ tán.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó ń wà ní ọ́fíìsì Lọ́yà pẹ̀lú epo àti aṣọ. Àwọn oníbàárà tó ń dúró lórí bẹ́ǹṣì á bi í pé kí lèyí, kí nìyẹn, òun náà á gbé irọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Lọ́yà ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń ráhùn mọ́ pé òun pẹ́ lórí ìdúró. Nílé tí wọ́n ti ń fẹnu jẹun, ta ni yóò bi í léèrè ẹ̀rí?

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Nọ́ọ̀sì pọn ọmọ, ó ní òun fẹ́ fojú òun rí nǹkan tó ń mú ọkọ òun pẹ́ dé. Ó wọlé jẹ́jẹ́, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Ọlọ́bẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń sọ bí àwọn adigunjalè mẹ́ta ṣe dábùú igi sójú ọ̀nà fún òun, tí òun sì fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ yìí lé wọn wọ igbó. Ìyàwó rẹ̀ ò gbọ́ èyí rí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ààrò ni. Bí Ọlọ́bẹ ti yíjú, ó rí ìyàwó rẹ̀. Ó dá ìtàn dúró sáàárín.

Obìnrin kan tó wá nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ yí sí Ìyá Nọ́ọ̀sì. "Ìyá, ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé ẹnì kan ṣoṣo lè lé olè mẹ́ta?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì wo ọkọ rẹ̀ tó dúró gbọnin, epo ń ro láti ara aṣọ sórí bàtà rẹ̀, etí rẹ̀ ńlá méjèèjì pọ́n.

"Mẹ́rin ni wọ́n," ó ní. "Mo wà níbẹ̀." Ó tún ọmọ gbé sẹ́yìn dáadáa. "Ẹ máa bá a lọ, Bàbá Nọ́ọ̀sì. Ẹ ò tíì débi tí ọ̀gá wọn ti ń sunkún."