Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ Wọ Ilé Wa

A kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ nílé wa. Káfíńtà ni bàbá wa, abẹ́ fèrèsé yàrá ni ẹ̀rọ tó fi ń la pákó wà, ìyá wa ló sì máa ń bá a di pákó mú. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun, àfi kó pariwo. Kódà bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, àwọn méjèèjì ò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀. Ayálégbé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé á sáré wá làjà, á bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ń fi èébú bá ara wọn ṣeré.

Ìyá wa ò fẹ́ gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí rárá. Lójú tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó jí nǹkan ni. Bí èmi àti àbúrò mi bá forí korí pẹ́nrẹ́n, á ké sí wa láti ìta: "Ẹ̀yin olófòófó, ẹ sọ ọ́ síta ká jọ gbọ́."

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, dókítà pe bàbá wa sí kọ̀rọ̀, ó sọ fún un kẹ́lẹ́ pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́. Bàbá wa dé ilé, kò tan ẹ̀rọ. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní ara ẹ á yá," ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Inú bí mi sí i. Ó rò pé òun ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ohùn yẹn sì ti tú gbogbo rẹ̀ síta.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá wa pè mí. "Mo ṣì wà láàyè, bàbá ẹ ti ń sìnkú mi. Sọ fún un kó bú mi bó ṣe máa ń bú mi. Mi ò fẹ́ kú sílé onílé."

Mo jíṣẹ́. Bàbá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó pariwo: "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé eyín ni kí n máa fi di pákó mú ni? Dìde ńbẹ̀, ọ̀lẹ." Omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

Ìyá wa rẹ́rìn-ín. Ó kó gbogbo agbára tó kù jọ láti fèsì, àmọ́ kẹ́lẹ́ ló jáde. Bàbá wa lọ bẹ̀rẹ̀ tì í, ó gbé etí sí i lẹ́nu.

"Kí ni wọ́n wí?" mo bi í.

"Ó ń bú mi," ló sọ. Kò gbé etí kúrò níbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu ìyàwó rẹ̀.