Sẹ́ẹ̀lì Tí Ebi Ń Pa

Fadékẹ́mi ò lè rí ẹni tí ebi ń pa kó mójú kúrò. Nílé wọn ní Iléṣà, ẹnikẹ́ni kì í bu òkèlè láìké sí ẹni tó wà nítòsí. Ẹ̀kọ́ ilé yìí ló fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ilé ìwádìí oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Fourways, nílẹ̀ òkèèrè.

Ta ló ń fi àánú ṣe irú iṣẹ́ ọ̀hún? Wọ́n ti gba agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pèsè gilutamáìnì, oúnjẹ tó gbẹ́mìí rẹ̀ ró, kúrò lára rẹ̀. Wọ́n wá so agbára náà mọ́ jíìnì purotéènì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe oògùn, wọ́n sì dá a padà fún àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Sẹ́ẹ̀lì tó bá gbà á yóò máa ṣe purotéènì, yóò sì rí jẹ. Èyí tí kò gbà á, ebi ni yóò pa á.

Nígbà àkọ́kọ́, Fadékẹ́mi rí i tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń kú nínú ìgò, àyà rẹ̀ já, ló bá bu gilutamáìnì díẹ̀ sí i. Wọ́n pọ̀ bí eéṣú, inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, purotéènì dà? Àwọn ọ̀lẹ tí kò gba jíìnì ló ti ń bọ́. Ọ̀gá ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, bí kò bá yọrí sí rere, kó wábi gbà. Iṣẹ́ yìí sì ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó kó kọ́kọ́rọ́ fíríìjì gilutamáìnì fún Bólúwají, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní bí òun tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kó má ṣí i. Kò wá lè jókòó. Yóò yọjú wo ìgò, yóò lọ, yóò tún padà. Bó bá wa ọkọ̀ dé rọ́bọ́ọ̀tì, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì, ìgò náà ló ń rò, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lọ́fun.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìgò ṣófo, ó tọ Bólúwají lọ.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kán kan péré. Wọ́n ti ń kú tán.”

“Eish,” Bólúwají kẹ́dùn bí àwọn ará ibẹ̀, “Fadé. Jẹ́ kí wọ́n kú.”

Inú bí i, ó padà lọ dúró ti ìgò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tó ṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, Bólúwají ló ka èsì: purotéènì inú ìgò yìí pọ̀ ju ti gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe rí.

Fadékẹ́mi jókòó gbì. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ebi dé sí i. Ó fa ìrẹsì tútù tó gbé láti ilé yọ, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ó ti fi ìka nu abọ́ tán kó tó rántí pé òun ò ké sí Bólúwají, tó dúró tì í.